Alábàápín DNA mẹ́rin, bàbá àgbà kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

gbongbo_jinle

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin tó bí bàbá mi ni mò ń wá. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan, bàbá mi sì ti di olóògbé láìṣe àyẹ̀wò DNA. Àwọn tó ti ṣe é ni èmi (ọkùnrin ni mí), ìyá mi, àti kọ́sìn bàbá mi kan tó jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀. Èmi àti kọ́sìn yìí jọ ní 451 cM (cM ni òdiwọ̀n iye DNA tí ènìyàn méjì jọ ní). Àwọn alábàápín (àwọn tí ìkànnì sọ pé DNA wọn bá tèmi mu) tí mi ò mọ ibi tí màá tò wọ́n sí nìyí:

A: 438 cM, ègé DNA 18, èyí tó gùn jù jẹ́ 71 cM. Kò ní igi ìdílé lójú ìkànnì rárá.
B: 224 cM, ègé 10. Ènìyàn 6 péré ló wà lórí igi rẹ̀, ìkànnì sì ti bo orúkọ àwọn tó ṣì wà láàyè.
C: 118 cM, ègé 6. Igi rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí àgbà rẹ̀.
D: 71 cM, ègé 4. Igi tirẹ̀ kún dáadáa, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá ìyá mi mu, kò sì sí èyí tó bá kọ́sìn bàbá mi mu. A àti B bá gbogbo àwọn yòókù mu, ṣùgbọ́n C àti D kò bá ara wọn mu. Ìkànnì ní A jẹ́ "kọ́sìn kìíní sí kejì". Ṣé kí n gbà á bẹ́ẹ̀? Ọ̀dọ̀ ta ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé àyẹ̀wò krómósómù Y kò lè yanjú ẹ̀ kíákíá?

eka_ati_ewe

Ẹ ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe: ẹ ti yọ ìhà ìyá yín kúrò, ẹ sì ti yọ ìhà ìyá bàbá yín kúrò. Ìdámẹ́rin kan ṣoṣo ló kù, òun náà lẹ sì ń wá. Àmọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: tí alábàápín kékeré kan kò bá bá kọ́sìn bàbá yín mu, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí. Nínú kọ́sìn kẹta mẹ́wàá, bí ẹyọ kan ṣe máa ń wà tí kò ní jogún ègé kankan tí wọ́n jọ ní. Ti A ló fi ọkàn mi balẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìhà ìyá bàbá yín ni ẹni tó ní 438 cM pẹ̀lú yín ti wá, ó yẹ kó fara hàn lára kọ́sìn yẹn. B, C àti D sì bá A mu, nítorí náà ẹ̀yìn A ni wọ́n wà.

Ẹ má gba orúkọ tí ìkànnì pè é. Kọ̀ǹpútà kò mọ ọjọ́ orí yín tàbí ti A, ó kàn ń wo iye cM ni. Ẹ lọ sí ìkànnì DNA Painter, ẹ tẹ 438 sínú irinṣẹ́ Shared cM Project tó wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Blaine Bettinger ló kó àwọn nọ́ńbà yẹn jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe bá ara wọn tan, ọdún 2020 ló sì ṣe àtúnṣe tó wà níbẹ̀. Mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ gbé yẹ̀ wò:

Kọ́sìn kìíní bàbá yín: ìpíndọ́gba 433 cM, láti 102 dé 980.
Ọmọ ọbàkan bàbá yín: ìpíndọ́gba 449, láti 156 dé 979.
Kọ́sìn kejì yín: ìpíndọ́gba 229, láti 41 dé 592.

Ẹ wo bí méjì àkọ́kọ́ ṣe sún mọ́ra. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nọ́ńbà nìkan kò lè sọ fún yín bóyá A jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá àgbà tẹ́ ẹ ń wá (ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní ọ̀nà kìíní), tàbí ó jẹ́ ọmọ-ọmọ bàbá àgbà yẹn gan-an láti ọ̀dọ̀ obìnrin mìíràn (ọ̀nà kejì). Nọ́ńbà B náà kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí B bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò A, kọ́sìn kejì yín ni lọ́nà kìíní, ìpíndọ́gba 229. Lọ́nà kejì, ọmọ-ọmọ ọbàkan bàbá yín ló máa jẹ́, ní ìran kan sísàlẹ̀ yín, ìpíndọ́gba 224. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń mú èyí tó wù wọ́n, tí wọ́n á sì fi ọdún méjì kọ́ igi lé orí ìdílé tí kì í ṣe tiwọn.

Nítorí náà, ohun méjì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ A: ọdún tí wọ́n bí i, àti iye cM tí òun àti B jọ ní. Ìkànnì míì máa ń fi iye yẹn hàn yín fúnra rẹ̀ nínú àkójọ àwọn tẹ́ ẹ jọ ní (àwọn alábàápín tó bá ẹ̀yin àti òun mu), bíi MyHeritage. Ní Ancestry, àwọn tó sanwó fún Pro Tools ló ń rí i.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ ni pé C àti D kò bá ara wọn mu, síbẹ̀ àwọn méjèèjì bá ẹ̀yin, A àti B mu. Ìdílé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn tí ìgbéyàwó kan so pọ̀, inú ìgbéyàwó yẹn lẹ̀yin àti A sì ti jáde wá. Ẹ wá tọkọtaya yẹn.

iwadi_iran

Mo fara mọ́ ohun tí eka_ati_ewe sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe máa wá tọkọtaya náà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ D, nítorí òun ló ní igi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni cM rẹ̀ kéré jù. 71 cM sún mọ́ ìpíndọ́gba kọ́sìn kẹta, 73. Àwọn kọ́sìn kẹta jọ ní òbí àwọn òbí-òbí-àgbà wọn: D ní 16 irú wọn, tọkọtaya 8. Ẹ má gun ẹ̀ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹ ṣí àkójọ àwọn tí ẹ̀yin àti D jọ ní, ẹ ṣí igi ẹnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ìdílé àti ìlú tó bá ń jáde léraléra sílẹ̀. Tí orúkọ kan bá jáde lórí igi mẹ́ta tí àwọn tó ni wọ́n kì í ṣe ọmọ ilé kan náà, ẹ̀ka yẹn ni kẹ́ ẹ gùn. Ẹ wá ṣe bákan náà fún C.

B tó ní ènìyàn 6 kò burú tó bí ẹ ṣe rò. Òkú kan péré tó hàn lórí igi yẹn ti tó, nítorí ẹni tó bá ti kú kì í sí lábẹ́ ìbòjú. Ẹ mú orúkọ rẹ̀, ọdún ìbí àti ọdún ikú, ẹ lọ wá ìkéde òkú rẹ̀. Ìkéde òkú a máa to orúkọ àwọn ọmọ, àwọn ọkọ tàbí aya wọn, àti àwọn àbúrò tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí, ìwé ìkànìyàn. Igi tẹ́ ẹ máa fi ṣe èyí, ẹ dá a yà sọ́tọ̀ kúrò lára igi tiyín gidi, ẹ tì í, kẹ́ ẹ sì yan ibi tí ìkànnì ti ń béèrè pé kí àwọn tó ń wá nǹkan má rí i. Bí àbá bá wà ní gbangba, lọ́la ẹlòmíràn á dà á kọ sórí igi tirẹ̀ bí òtítọ́, ẹ̀yin náà á wá rí i níbẹ̀, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rí kejì ni.

Ìdí kan náà nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ da igi ẹlòmíràn kọ. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá kọ sílẹ̀ ní ìwé kan ó kéré tán tó so ó mọ́ òbí rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn àbá tí ìkànnì ń gbé jáde fúnra rẹ̀ bíi ThruLines ti Ancestry: igi àwọn ènìyàn ló ń lò, àṣìṣe tó bá wà lórí igi mẹ́wàá á jáde bí ìlà tó mọ́ tónítóní.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rí tọkọtaya náà, ẹ yí padà, kẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ọmọ wọn, gbogbo ọmọ-ọmọ, títí kan àwọn tó kú ní kékeré àti àwọn tó yí orúkọ padà nígbà tí wọ́n lọ sílé ọkọ. Iṣẹ́ yìí gba àkókò ju gígun òkè igi lọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń fi sílẹ̀ láìparí. Bàbá àgbà yín wà láàárín àwọn tẹ́ ẹ máa rí nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Fún ìyókù àkójọ yín, ẹ lo ọ̀nà aláwọ̀ tí Dana Leeds gbé kalẹ̀ ní 2018. Ẹ kọ gbogbo alábàápín tó wà láàárín 90 sí 400 cM sínú Excel, láti orí èyí tó pọ̀ jù. Ẹ fún ẹni àkọ́kọ́ ní àwọ̀ kan, kẹ́ ẹ sì fi àwọ̀ kan náà kun gbogbo ẹni tí ẹ̀yin àti rẹ̀ jọ ní. Ẹ lọ bá ẹni tó tẹ̀ lé e tí kò tíì ní àwọ̀, ẹ fún un ní òmíràn. Tí ìdílé yín kò bá fẹ́ ara wọn, ó máa ń já sí òpó mẹ́rin, ọ̀kan fún òbí àgbà kọ̀ọ̀kan. Tí òpó bá di márùn-ún tàbí mẹ́fà, kò tíì bàjẹ́, ẹ̀ka kan ló pín sí méjì. Tí ẹnì kan bá gba àwọ̀ mẹ́ta, ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

gbongbo_jinle

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. A ti dáhùn. Ó fi ọdún mẹ́jọ kéré sí bàbá mi. Òun àti B jọ ní 1,690 cM. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni B, B sì fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ.

Mo ti kọ́ igi náà. Màá lo lẹ́tà fún àwọn tó ti kú. Bàbá A ni M. Òbí M ni K (ọkùnrin) àti L (obìnrin), ọmọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n bí, kò sí ọmọbìnrin. C jẹ́ ọmọ-ọmọ arábìnrin K. Ìyá tó bí ọ̀kan nínú àwọn òbí àgbà D sì jẹ́ àbúrò L, ọmọ ìyá ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìkànìyàn wà fún gbogbo rẹ̀.

Ṣé M ni bàbá àgbà mi? Àbí K?

eka_ati_ewe

Iṣẹ́ tó dára gan-an lẹ ṣe yìí. Kò jọ pé M ni, kò sì jọ pé K ni. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti K. Tó bá jẹ́ pé K ló bí bàbá yín láti ọ̀dọ̀ ìyá bàbá yín, ẹ̀jẹ̀ K wà lára yín, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kàn yín pẹ̀lú L. C á bá yín mu, D kò sì ní ìdí kankan láti bá yín mu, nítorí ìdílé L ni D ti wá. D sì bá yín mu ní 71 cM. Tí L bá jẹ́ ìyá bàbá àgbà yín, kọ́sìn kẹta yín gan-an ni D, ìpíndọ́gba 73. C náà wọlé síbẹ̀: ọmọ-ọmọ arábìnrin K jẹ́ kọ́sìn kejì bàbá yín, ìpíndọ́gba irú yẹn sí ọmọ rẹ̀ jẹ́ 122, ẹ̀yin ní 118. Ọjọ́ orí A àti ti B bá ọ̀nà kìíní mu pẹ̀lú: ẹgbẹ́ bàbá yín ni A, ẹgbẹ́ yín ni B.

Níbi tí nọ́ńbà méjì bá ti jọra, ìyàwó ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ wá àwọn ará ilé ìyàwó lọ́kùnrin lóbìnrin nínú àkójọ yín. Tí wọ́n bá wà níbẹ̀, ọmọ tọkọtaya náà ni bàbá ńlá yín. Tí ti ọkọ nìkan bá wà, ọkọ fúnra rẹ̀ ni, tàbí arákùnrin rẹ̀.

Síbẹ̀, D jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ pé ó tún bá K tan ní ọ̀nà mìíràn tí igi rẹ̀ kò fi hàn. Ẹ wá ẹni méjì míì láti ìdílé L, kó má jẹ́ láti ọ̀dọ̀ àbúrò L kan náà tó bí ẹ̀ka D, kí ọ̀kan nínú wọn ó kéré tán lé ní 40 cM. Títí dìgbà náà, ẹ fi "bóyá" sí i lórí igi.

Ti M. Bí M bá jẹ́ bàbá àgbà yín, A á jẹ́ ọbàkan bàbá yín. Ìpíndọ́gba ọbàkan òbí jẹ́ 871 cM, èyí tó kéré jù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ sì jẹ́ 492. 438 kò dé ibẹ̀. Ẹ yọ M kúrò.

Ó ku ọmọkùnrin K àti L mẹ́ta. DNA tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ báyìí kò lè yan láàárín wọn, torí bákan náà ni A, B, C àti D ṣe bá àwọn mẹ́ta yẹn tan. Ọmọ wọn lẹ nílò. Ẹ wá ọmọ tó dàgbà jù tó ṣì wà láàyè nílé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ẹni tó jẹ́ bàbá àgbà yín gan-an á wà nítòsí 871 (láti 492 dé 1,315). Ọmọ àwọn méjì yòókù á wà nítòsí 433, bíi A. Tí nọ́ńbà bá bọ́ sáàárín 492 àti 980, ibi tí méjèèjì ti gorí ara wọn nìyẹn, ẹ má pariwo. Ẹ ṣàyẹ̀wò ọmọ míì nílé kan náà. Tó bá jẹ́ ọmọ-ọmọ nìkan ló kù, 449 lẹ ó máa retí nílé bàbá àgbà yín, 229 nílé àwọn yòókù, ó sì yẹ kẹ́ ẹ ṣàyẹ̀wò ju ẹnì kan lọ.

Kẹ́ ẹ tó ná owó kankan, ẹ fi ìwé yọ àwọn tó bá ṣeé yọ. Ní oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó bí bàbá yín, ibo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wà? Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní òkè òkun, ta ni kò tíì pé ọmọ ọdún 14?

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sínú WATO (What Are the Odds), irinṣẹ́ tó ń wọn bí àbá kọ̀ọ̀kan ṣe ṣeé ṣe tó, lórí DNA Painter. K àti L ni kẹ́ ẹ fi sórí, ẹ ya àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, ẹ kọ iye cM sí ara A àti B. Kẹ́ ẹ lè fi C àti D kún un, àfi kẹ́ ẹ gun òkè sí òbí K àti òbí L, igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn sì máa jẹ́ nínú WATO. Ẹ wá fi ara yín sábẹ́ ọmọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gẹ́gẹ́ bí àbá mẹ́ta. Èyí tó bá gba 0 kò ṣeé ṣe. Tí àbá kan bá fi ìlọ́po púpọ̀ ju òmíràn lọ, ẹ lè tẹ̀ lé e. Ní báyìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dọ́gba, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn títí ọmọ ilé wọn kan á fi ṣàyẹ̀wò.

okun_meji

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti Y, torí wọn kò tíì dá a lóhùn.

Ọ̀dọ̀ bàbá sí ọmọkùnrin ni krómósómù Y ń gbà. Gbogbo ọmọkùnrin K ló gba Y kan náà. Nítorí náà kò sí àyẹ̀wò Y tó wọ́pọ̀ tó máa sọ fún yín èwo nínú àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló bí bàbá yín. Iṣẹ́ tó lè ṣe fún yín yàtọ̀: tí A bá jẹ́ ọkùnrin, tàbí ẹ̀gbọ́n A tó jẹ́ bàbá B bá gbà, kí òun àti ẹ̀yin ṣe Y-37 ní FamilyTreeDNA. Tí àmì 37 náà bá dọ́gba tàbí kó ku ọ̀kan péré, ó ti ìlà ọkùnrin K lẹ́yìn, ó sì yọ ìbẹ̀rù pé ìhà obìnrin lẹ ti bá wọn tan kúrò. Big Y-700, àyẹ̀wò Y tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, kò pọn dandan fún ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ tòsí báyìí.

Krómósómù X kò wúlò fún yín rárá nínú wíwá yìí. Ọkùnrin ni yín, ọ̀dọ̀ ìyá yín ni X yín ti wá pátápátá. Tí irinṣẹ́ kan bá fi ègé X kékeré hàn láàárín ẹ̀yin àti A, bóyá àṣìṣe irinṣẹ́ lásán ni, tàbí A bá ìyá yín tan ní ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá jẹ́ obìnrin nínú irú wíwá yìí lè lò ó lọ́nà mìíràn: bàbá rẹ̀ gba X lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ nìkan, nítorí náà alábàápín tó bá a mu dáadáa lórí X tó wá láti ọ̀dọ̀ bàbá kò lè jẹ́ ti bàbá bàbá rẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ pé "C àti D kò bá ara wọn mu". Tó bá jẹ́ Ancestry lẹ ti rí i, ẹ rántí pé àkójọ àwọn tẹ́ ẹ jọ ní níbẹ̀ kì í fi ohun tó bá kéré sí 20 cM hàn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n jọ ní 15. Ìwé tẹ́ ẹ rí ti gbè é lẹ́yìn báyìí, àmọ́ kí àwọn tó ń ka èyí má fi àìsí nínú àkójọ nìkan yà ìdílé méjì sọ́tọ̀.

Ancestry kò tún ní irinṣẹ́ tó ń fi ibi tí ègé tí ẹ̀yin àti alábàápín jọ ní wà lórí krómósómù hàn. Kẹ́ ẹ tó lè rí ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan wà, ẹ gba fáìlì DNA yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sí GEDmatch tàbí FamilyTreeDNA, kẹ́ ẹ sì rọ A àti D kí wọ́n ṣe bákan náà. Ẹ gbé fáìlì náà bó ṣe wà, láìtú u, kẹ́ ẹ má sì fi Excel ṣí i kẹ́ ẹ wá tẹ "save". Ìlà tó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ẹgbẹ̀rún ló wà nínú rẹ̀, ìyípadà kékeré nínú bí wọ́n ṣe tò ó lè mú kí ìkànnì kọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wá ègé tí ẹ̀yin, A àti D jọ ní ní ojú kan náà lórí krómósómù kan náà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé A àti D náà bá ara wọn mu níbẹ̀. Ènìyàn méjì lè bá yín mu ní ojú kan náà, kí ọ̀kan wà lára ẹ̀dà tẹ́ ẹ gbà lọ́dọ̀ ìyá, kí èkejì wà lára ti bàbá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Ègé tí kò tó 7 cM, ẹ fi sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ogún láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, ìrísí ló jọra.

Àwọn nọ́ńbà yín kò fi hàn pé ìdílé ń fẹ́ ara wọn. 438 cM lórí ègé 18, kí èyí tó gùn jù sì jẹ́ 71, ìyẹn dára. Ẹni tó bá rí 200 cM lórí ègé 20 tí kò sí èyí tó lé ní 15, kó má lo ìpíndọ́gba kankan nínú èyí tí wọ́n kọ sókè. Àwọn baba ńlá púpọ̀ ló da nọ́ńbà yẹn jọ, kì í ṣe ẹnì kan tó sún mọ́ tòsí.

Bákan náà, ẹ má da nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ méjì pọ̀. Ancestry máa ń yọ àwọn ègé tó bá rò pé ó wọ́pọ̀ jù kúrò, FamilyTreeDNA kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì kan náà lè jẹ́ 64 níbí, 79 lọ́hùn-ún.

iwadi_iran

Ó ku bí ẹ ṣe máa bá àwọn ọmọ ilé mẹ́ta yẹn sọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni ìwádìí tó dára ti ń fọ́. Ẹ má kọ "mo rò pé bàbá yín ló bí bàbá mi" sí lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń kà á sì lè ní ìyá tó ṣì wà láàyè. Irú èyí ti tó:

"Ẹ kú àárọ̀ o. DNA fi hàn pé mo bá A tan, ó sì jọ pé láti ìdílé K àti L ni. Mò ń kọ́ igi ìdílé náà, mo sì ní ìwé ìgbéyàwó wọn tí mo lè fi ránṣẹ́ sí yín. Ṣé ẹ máa lè jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀? Bí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ó yé mi."

Ẹ fún wọn ní nǹkan kẹ́ ẹ tó béèrè nǹkan. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó kọ èkejì, kẹ́ ẹ má sì kọ ẹ̀kẹta. Tí ẹnì kan bá gbà láti ṣàyẹ̀wò, ẹ sọ fún un kó tó tutọ́ sínú ìgò pé èsì lè fi ìbátan tí ẹnikẹ́ni kò retí hàn, títí kan inú ilé tirẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ni kí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ aṣínà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó kàn fún yín láyè láti wo èsì.

Ibi tí A wà ni kí wọ́n ti ṣe é. Ancestry kì í gba fáìlì láti ibòmíràn wọlé, nítorí náà tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni A wà, ibẹ̀ ni ìgò náà gbọ́dọ̀ lọ. Kí ẹni náà má jẹun, má mu nǹkan, má mu sìgá, má jẹ ṣúìngọ́ọ̀mù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó tutọ́. Itọ́ gidi ló gbọ́dọ̀ dé ojú àmì, ìfófòó kò sí nínú rẹ̀. Àwọn àgbà tí ẹnu wọn ń gbẹ kì í lè kún un. Ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìta, kí wọ́n sì ṣe é díẹ̀díẹ̀. Tó bá ṣì le, FamilyTreeDNA àti MyHeritage ń lo igi tí wọ́n fi ń nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí A wá gbé fáìlì tirẹ̀ lọ sí FamilyTreeDNA. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun fún un rí, torí DNA ẹni tó fún un lè jáde nínú itọ́ rẹ̀, gbogbo ìṣirò á sì dàrú.

Bí owó bá tó ti ẹnì kan péré, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe nílé tí ọkàn yín fà sí jù. Tó bá jẹ́ 430, ẹ ti yọ ilé kan. Ẹ má fi falẹ̀, àwọn àgbà ń lọ.

gbongbo_jinle

Ẹ kú làálàá gbogbo yín. Nínú àwọn mẹ́ta, ìwé ológun fi hàn pé ọ̀kan wà lókè òkun láti oṣù mẹ́rìnlá ṣáájú ìbí bàbá mi títí di oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kí n yọ ọ́ pátápátá?

eka_ati_ewe

Ẹ fi sí ìsàlẹ̀ àkójọ, ẹ má tíì pa á rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìwé náà ní ọjọ́ ìsinmi tó lò nílé, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé ọjọ́ ìbí bàbá yín wá láti inú ìwé tí wọ́n kọ ní ọdún tí wọ́n bí i, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Tí méjèèjì bá dúró, ilé méjì ló kù fún yín láti kọ lẹ́tà sí.